Atúmọ̀ Èdè Gẹ̀ẹ́sì Orí Fóònù: Èwo Ló Mọ Èdè Oníṣẹ́ Ọwọ́?

Bí a bá rìn láti Mayfair dé Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀, pátákó oníṣẹ́ ọwọ́ ló tò sí ẹ̀gbẹ́ títì: aránṣọ, káfíńtà, wẹ́dà, alásè, oníbàtà. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí pé oníbàárà tó ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá, tàbí tó ti ìlú òkèèrè pè, lè má gbọ́ Yorùbá. Ohun tó tọ́ ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àkànlò èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ní fún ká ṣe nǹkan jáde pọ̀ lọ súà. Àwọn kan ń yin oníṣẹ́, àwọn kan ń tàbùkù rẹ̀, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Káfíńtà tó kọ "We churn out quality furniture" sára pátákó ti fẹnu ara rẹ̀ bu iṣẹ́ ara rẹ̀ kù, torí "churn out" ni ká máa tú nǹkan jáde wìtìwìtì bí ẹ̀rọ, yálà ó dára tàbí kò dára. Aránṣọ tó fi WhatsApp kọ̀wé sí oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé "I will knock you up before the party" rò pé òun ń sọ pé òun á tètè rán aṣọ. Ohun tí ẹni yẹn kà ni pé aránṣọ fẹ́ fún òun lóyún.

Atúmọ̀ èdè ló ń gbani lọ́wọ́ irú èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbani bákan náà. Márùn-ún tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì la gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: Oxford Learner's Dictionaries, Longman, Cambridge Dictionary, Merriam-Webster àti Wiktionary. Àkànlò èdè tó jẹ mọ́ ṣíṣe nǹkan nìkan la fi dán wọn wò, nítorí pé ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ọwọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọsẹ̀ jù. Ká má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn fẹ́ lò, Oxford ni kó mú. Bí gírámà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó fi Longman kún un. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà kò lè ṣe kó má wo Merriam-Webster. Ẹni tí kò sì fẹ́ máa ra dátà lójoojúmọ́, Wiktionary ni tirẹ̀, pẹ̀lú ìṣọ́ra tí a ó sọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú ìtumọ̀

Ìtumọ̀ nìkan kò tó. Kí ojú tó dé orí ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan máa ń wà níwájú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá: "informal", "formal", "disapproving", "British English", "North American English". Òun ló ń sọ ẹni tí a lè bá sọ gbólóhùn náà àti ibi tí a ti lè sọ ọ́. "Informal" túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, láàárín ojúlùmọ̀. Kò yẹ kó wọ inú ìwé iye owó iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé fún ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé ìjọsìn. "Disapproving" túmọ̀ sí pé inú ẹni tó sọ ọ́ kò dùn sí ohun tí wọ́n ṣe tàbí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó bá rí i níwájú ọ̀rọ̀ kan, kó má fi polówó ọjà rẹ̀ láéláé.

Oxford ló ń ṣe èyí dáadáa jù. Níwájú "churn out", ó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ "informal" ni, ó sì fi kún un pé "often disapproving". Káfíńtà tó bá rí i kò tún ní gbé e sára pátákó mọ́. Èyí tó yẹ kó lò ni "turn out", tó jẹ́ ká ṣe nǹkan jáde láìsí èébú nínú, tàbí kó kàn lo "make". Bẹ́ẹ̀ náà ni "cobble together": Oxford ṣàlàyé pé ká fi ìkánjú kó nǹkan pọ̀, kó ṣáà ti ṣeé lò, bí kò tiẹ̀ gún régé. Oníbàtà ló lè tètè ṣi ọ̀rọ̀ yìí lò, torí "cobbler" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Ó lè rò pé ìyìn iṣẹ́ òun ló wà nínú "We cobble together fine sandals." Kì í ṣe ìyìn.

Kò yani lẹ́nu pé Oxford mọ ibi tí a ti ń kọsẹ̀. A. S. Hornby, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ní Japan. Ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní 1942 kí Oxford tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1948. Àwọn tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wẹ̀ ní kékeré ló ṣe é fún, ìyẹn àwa náà. Atúmọ̀ èdè tí wọ́n ṣe fún ọmọ onílé máa ń gbà pé òǹkàwé ti mọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ti akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbà bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú Oxford nìyí, torí ibẹ̀ ló ti ń sú àwọn èèyàn. Ẹ má kọ gbogbo gbólóhùn sínú àpótí ìwárí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan tó rinlẹ̀ jù nínú rẹ̀. Fún "from scratch", "scratch" ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì yan èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí ojú-ìwé ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe wà. Ẹ fa ojú-ìwé náà wálẹ̀ kọjá gbogbo ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ó rí àkọlé "Idioms". Abẹ́ rẹ̀ ni àkànlò èdè wà. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe alápá méjì bíi "churn out" àti "knock up" wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní abẹ́ "Phrasal Verbs", tí ẹ ó fọwọ́ tẹ̀ kó tó ṣí. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ kò bá gbé e jáde, ẹ gbìyànjú ọ̀rọ̀ mìíràn tó rinlẹ̀ nínú gbólóhùn kan náà. Ẹni tó wá "strike while the iron is hot" lábẹ́ "hot" tí kò rí i, kó wò ó lábẹ́ "strike" tàbí "iron" kó tó ní kò sí níbẹ̀.

Àléébù Oxford ni pé ojú-ìwé rẹ̀ wúwo, ìpolówó sì wà lára rẹ̀, torí náà bí nẹ́tíwọ̀kì bá ń ṣe ségesège, a máa pẹ́ kó tó ṣí. Ápù rẹ̀ tó ṣeé kà láìsí nẹ́tíwọ̀kì sì rèé, owó ni wọ́n ń gbà lé e. Ohun tó lè dín in kù: lórí fóònù Android, bí ojú-ìwé bá ti ṣí nínú Chrome, ẹ tẹ ààmì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ ọfà tó kọjú sílẹ̀. Ojú-ìwé náà yóò wà lórí fóònù, ẹ ó sì lè kà á lẹ́yìn náà láìlo dátà. Ojú-ìwé "knock", "make", "run", "turn" àti "put" ló yẹ kí oníṣẹ́ ọwọ́ fi pamọ́ báyìí; kó sì fi ojú-ìwé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe alápá méjì tó nílò lábẹ́ wọn pamọ́ pẹ̀lú, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣí.

"Sth" àti "sb": ibi tí Cambridge ti dára jù

Cambridge ní ìrọ̀rùn kan tí Oxford kò ní tó o: a lè kọ odindi àkànlò èdè sínú àpótí rẹ̀, yóò sì sábà gbé wa lọ sí ojú-ìwé àkànlò èdè náà gan-an. Ó máa ń fi ìpè ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó kàn tẹ ẹ̀rọ agbóhùn kékeré náà. Ó tún ń fi ìpele ọ̀rọ̀ hàn láti A1 dé C2, ìwọ̀n tí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù gbé jáde ní 2001. A1 ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. C2 ni ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dójú àmì. Olùkọ́ tó bá ń yan ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ JSS kò gbọ́dọ̀ fojú fo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí Cambridge ti wúlò jù fún oníṣẹ́ ọwọ́ wà nínú gígé ọ̀rọ̀ kúrú. Ó máa ń gé "something" sí "sth", ó sì ń gé "somebody" sí "sb". Lẹ́tà yìí kéré, ṣùgbọ́n àárín wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo "knock up". "Knock sth up": nǹkan ni àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Ọba, ó túmọ̀ sí ká yára fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe nǹkan, bíi àpótí ìjókòó tàbí oúnjẹ alẹ́. "Knock sb up": èèyàn ni àbọ̀ rẹ̀. Ní ìlú Ọba, ó lè jẹ́ ká kan ilẹ̀kùn láti jí ẹni tó sùn. Ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ ká fún obìnrin lóyún, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójú àgbà. Aránṣọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan fi "you" sí àárín, èèyàn sì ni "you". Ká ní ó kọ "I will knock up a dress for you", ì bá bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú, ṣùgbọ́n ó ṣì ti sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ ọ̀hún kò ní jinlẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ni "I will make your dress in time for the party."

Ẹbí "knock" pọ̀, ó sì yẹ ká mọ gbogbo wọn. "Knock together" ni ká kan nǹkan pọ̀ láìjáfáfá, bí àpótí tí wọ́n fi pákó àlòkù kàn. "Knock off" lè jẹ́ ká ṣíwọ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ ká dín owó ọjà kù, ó sì lè jẹ́ ká ṣe àdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí a bá so ó pọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ, "knock-off", ayédèrú ni, pátápátá. Oníbáàgì tó bá kọ "Quality knock-offs available" ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

"Run up" ni tàwọn aránṣọ gan-an. "Run sth up" ni ká fi ẹ̀rọ yára rán aṣọ, ó sì dára láti sọ lẹ́nu: "She ran up two gowns for the choir." Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ "debt" tàbí "bill", gbèsè ló ń kó jọ. Àbọ̀ ló ń pinnu. Ẹni tó bá ka ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìkan tó sì pa fóònù dé kò ní mọ̀.

Àpẹẹrẹ gbólóhùn pọ̀ nínú Cambridge, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n kó láti inú àkójọ ìwé àti ìròyìn, tí olóòtú kò sì ṣà wọ́n lẹ́ṣẹẹsẹ. Àwọn tó wà lábẹ́ ìtumọ̀ gan-an ni kí ẹ fi kọ́ra. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ojú-ìwé, ẹ kàn fi ojú wò wọ́n.

Longman àti ọfà rẹ̀

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́ ni ibi tí àbọ̀ yóò jókòó sí. Longman, tó kọ́kọ́ jáde ní 1978, ní ààmì kan tó tán ìṣòro yìí: ↔. Bí ẹ bá rí "churn something ↔ out", ó ń sọ pé àbọ̀ lè wà láàárín, ó sì lè wà lẹ́yìn. "Rustle up a meal" tọ̀nà, "rustle a meal up" náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ bíi "it" tàbí "them", àárín nìkan ni ààyè rẹ̀. "Rustle it up" ni, kì í ṣe "rustle up it". Àṣìṣe tí Yorùbá ń ṣe jù nìyí, torí nínú èdè tiwa, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni àbọ̀ sábà máa ń wà. Níbi tí ọfà kò bá sí, ibi tí wọ́n kọ àbọ̀ sí nìkan ni kí ẹ fi í sí: "make do with" ni a ń sọ, àbọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sáàárín.

Nǹkan 2 mìíràn mú kí Longman tọ́ sí owó dátà tí a ná lé e. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ bíi 2,000 tó rọrùn ni wọ́n fi ń ṣàlàyé gbogbo ìyókù, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣí atúmọ̀ èdè kó tún wá máa wá ìtumọ̀ ìtumọ̀. Èkejì, a lè gbọ́ odindi gbólóhùn àpẹẹrẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ohùn ṣe ń gorí "up" nínú "knock it up" yóò gbọ́ ọ.

Ó tún ní àpótí tó ń kó ọ̀rọ̀ tó máa ń rìn pọ̀ jọ. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ wo ti "make" àti "do" níbẹ̀. "Ṣe" kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń ṣe àga, ṣe iṣẹ́, ṣe àṣìṣe, ṣe ìpinnu; Gẹ̀ẹ́sì pín in: "make a chair", "do the work", "make a mistake", "make a decision". Ìdí nìyí tí a fi ń rí "We do chairs and tables" lára ìwé owó iṣẹ́. Ẹni tó bá kà á yóò lóye, ṣùgbọ́n "We make chairs and tables" ló mọ́.

Ohun tó kù díẹ̀ fún Longman ni ojú-ìwé rẹ̀ lórí fóònù kékeré. Ọ̀rọ̀ fún pọ̀, ojú á sì máa wá kiri. Lórí kọ̀ǹpútà, ó rọrùn láti kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ààyè láti lo kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé kó ti ibẹ̀ wò ó.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó di ọ̀rọ̀ ẹnu

A ní láti dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé atúmọ̀ èdè tó dára ni yóò fi èyí hàn. Gẹ̀ẹ́sì máa ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe oníṣẹ́ ọwọ́, á sì fi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Alágbẹ̀dẹ ló ń "forge" irin, ṣùgbọ́n ẹni tó "forge" ìfọwọ́sí lórí ìwé ti ṣe ayédèrú. Ẹni tó sì "forge" àjọṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ mìíràn ti ṣe ohun rere. Ahunṣọ ń "weave" aṣọ. Onísọ̀rọ̀ ń "weave" ìtàn. Ẹni tó ń ran òwú ń "spin". Ṣùgbọ́n "spin a yarn" ni ká sọ ìtàn gígùn tó lè má jóòótọ́. "Hammer out" kò ní òòlù nínú mọ́: ó jẹ́ ká jókòó, ká jiyàn, ká sì fẹnu kò lórí àdéhùn.

"Fabricate" ló yẹ kí wẹ́dà mọ̀ dáadáa. "Metal fabrication" tó wà lára pátákó wọn tọ̀nà, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ "story", "evidence" tàbí "receipt", irọ́ ló ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni "cook up" ṣe rí fún alásè. Ó lè jẹ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n Oxford fi hàn pé ká hùmọ̀ nǹkan láti tan èèyàn jẹ ló wọ́pọ̀. "Whip up" àti "rustle up" kò ní irọ́ nínú. Síbẹ̀ ẹ má fi wọ́n kọ̀wé sí ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó, torí "rustle up" ni ká fi ìwọ̀nba ohun tó wà ní ilé ìdáná sáré se nǹkan. Kò sí ìyàwó tó fẹ́ gbọ́ ọ. "Cater for 300 guests" lẹ ó kọ.

"From scratch" yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ìyìn ni. "Scratch" ni ilà tí wọ́n fà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sáré, ibi tí kò ti sí ẹni tó ní àǹfààní lórí ẹnì kejì. Oníbúrẹ́dì tó sọ pé "We bake from scratch" ń sọ pé láti orí ìyẹ̀fun, ẹyin àti ìwúkàrà lòun ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé òun ra èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀. Bó bá jóòótọ́, kó kọ ọ́ gàdàgbà.

Fún "break the mould", ẹ̀kọ́ wà nílẹ̀ fún olùkọ́ Ifẹ̀ tí kò sí ní ibòmíràn. Orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ìda ni wọ́n fi ṣe àwòrán wọn. Wọ́n fi amọ̀ bo ìda náà, wọ́n yáná sí i kí ìda ṣàn jáde, wọ́n da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀, wọ́n sì fọ́ amọ̀ náà kí orí tó lè jáde. Amọ̀ yìí ni "mould": amọ̀ kan, orí kan. Ọmọ tó bá ti lóye ìyẹn kò ní ṣòro fún láti mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ nípa ẹni tí kò lẹ́gbẹ́ pé wọ́n fọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Kí olùkọ́ sì fi kún un pé ìlò mìíràn wà: "to break the mould" ni ká ṣe nǹkan lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà ṣe é rí.

Merriam-Webster: fún ẹni tó ń bá Amẹ́ríkà ṣòwò

Noah Webster gbé atúmọ̀ èdè Amẹ́ríkà rẹ̀ jáde ní 1828, ọ̀rọ̀ bíi 70,000 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn Merriam ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ibi tí ó ti ta gbogbo àwọn yòókù yọ ni ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé. Ó máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ọ̀rọ̀ yóò gbádùn rẹ̀.

Fún oníṣẹ́ ọwọ́, ìwúlò rẹ̀ ni pé ó ń sọ ohun tí oníbàárà ní Houston tàbí Atlanta yóò lóye. Aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ fún títà ni Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba ń pè ní "off the peg". Amẹ́ríkà ń pè é ní "off the rack". "Made to measure" ló wọ́pọ̀ ní ìlú Ọba fún èyí tí a wọn fún ẹni tó ni ín; "custom-made" ni Amẹ́ríkà sábà ń sọ. Aránṣọ tó ń ta ọjà lórí Instagram fún àwọn Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, kó lo "custom-made".

A kò gbà akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti fi ṣe àkọ́kọ́. Àwọn tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Kì í sábà sọ pé ọ̀rọ̀ kan ń tàbùkù iṣẹ́, àlàyé rẹ̀ sì máa ń le. Ọ̀nà tó ń gbà kọ ìpè jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ilé ìwé. Ìpè Amẹ́ríkà ló sì ń gbé jáde, nígbà tó jẹ́ pé ti ìlú Ọba ni ìdánwò WAEC dá lé.

Wiktionary láìsí nẹ́tíwọ̀kì

Ọ̀fẹ́ ni Wiktionary, kò ní ìpolówó, ó sì ṣeé gbé sórí fóònù pátápátá. Ẹ gba ápù Kiwix, ẹ wọ inú àkójọ rẹ̀, ẹ wá Wiktionary ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì gbà á sílẹ̀. Ó wúwo dé gígábáìtì mélòó kan, nítorí náà Wi-Fi ni kí ẹ fi gbà á, sórí mẹ́mọ́rì káàdì tí àyè wà lórí rẹ̀. Bí fáìlì náà bá dáwọ́ dúró lágbede méjì, kò ní ṣí. Ẹ rí i pé bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó kàn án bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ.

Ó ní ojú-ìwé ọ̀tọ̀ fún ọ̀pọ̀ àkànlò èdè, ó sì ń sọ orísun wọn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn àti ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sì dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè tún un kọ. Ojú-ìwé kan lè péye gan-an kí èyí tó tẹ̀lé e má péye. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ìdánwò tàbí pátákó tí a fẹ́ sanwó kùn, ẹ fi Oxford yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Nípa ẹ̀rọ ògbufọ̀ bíi Google Translate, tó ti ń gba Yorùbá láti 2013: ẹ má fi wá àkànlò èdè. Ògbufọ̀ ni, kì í ṣe atúmọ̀ èdè. Ó lè já gbólóhùn sí wẹ́wẹ́ kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì ní sọ fún yín bóyá èébú wà nínú rẹ̀.

Fún àwọn tó ń múra ìdánwò

Nínú JAMB, ìbéèrè 60 nínú 180 ló jẹ́ ti Use of English, wákàtí 2 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí àyè láti máa fà ọ̀rọ̀ tu níbẹ̀. Ìdánwò WAEC pẹ̀lú máa ń gbé gbólóhùn tó ní àkànlò èdè kalẹ̀, kó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ìtumọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n fi ń dẹ páńpẹ́ ni èyí tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: fún "He has too many irons in the fire", ìdáhùn kan á máa sọ nípa alágbẹ̀dẹ. Èyí tó tọ̀nà ni pé ó dáwọ́ lé iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ wọn ni ká kọ àkànlò èdè kan sínú ìwé, ká kọ ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ká kọ àbọ̀ tó máa ń gbà, ká sì kọ gbólóhùn kan tiwa. Márùn-ún lọ́jọ́ kan ti pọ̀ tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò máa da ara wọn pọ̀ lórí.

Bó bá jẹ́ ìwé lẹ fẹ́ rà

Àwọn òbí kan ṣì fẹ́ ìwé tí ọmọ lè gbé lọ́wọ́, wọ́n sì jàre, torí fóònù a máa gbé ọmọ lọ síbi tí kò bá atúmọ̀ èdè lọ. Ayédèrú Oxford àti Longman pọ̀ lọ́jà, nítorí náà kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí i. Ẹ gbé ojú-ìwé kan sókè sí ìmọ́lẹ̀: bí lẹ́tà ẹ̀yìn bá ń hàn débi tí kò fi ṣeé kà, tàbí tí dúdú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ dá a padà. Ẹ wo àwọn àwòrán aláwọ̀ tó wà láàárín. Nínú ayédèrú, àwọ̀ máa ń kúrò lójú ilà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka nọ́ńbà ojú-ìwé. Ìdìpọ̀ ojú-ìwé 16 tàbí 32 ni wọ́n fi ń di ìwé, nítorí náà tí ọ̀kan bá sọnù, odindi ìdìpọ̀ ló ń lọ. Ẹ ṣí i láti "K" dé "M" kí ẹ rí i pé nọ́ńbà kò fò, torí "knock", "make" àti "mould" wà níbẹ̀. Ẹ wo ọdún àti iye àtúntẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojú-ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ má lọ san owó tuntun fún èyí tó ti pẹ́. Bí èyí tó pẹ́ bá sì jẹ́ ojúlówó, tó mọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ pé, ẹ rà á; "churn out" àti "knock up" kò tíì yí ìtumọ̀ wọn padà.